Ìgbòkun Ọlọ́yẹ́

Bí òtútù bá ti fẹ́ gé àwọn òyìnbó létí jẹ, tọkọtaya á kó sínú ọkọ̀ onígbòkun, ó di erékùṣù Kàríbíánì. Ṣé àwa ò ní ọyẹ́ ni? Ọyẹ́ Èkó ò kúkú ju kí ètè bó lọ, síbẹ̀ ìyàwó mi ti kó súwẹ́tà jáde.

Lagos Yacht Club ti wà létí omi ní Oníkan láti 1932. Mo máa ń dúró wo ìgbòkun funfun wọn. Wíwò ò náni lówó. Ọkọ̀ tí ọwọ́ wa tó ni èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń wúkọ́, tó ń gbéni lọ sí Tarkwa Bay, níbi tí mọ́tò ò dé.

Lọ́jọ́ tá a wọ̀ ọ́, wọ́n fún wa ní ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ìdè ti ìyàwó mi ti já. Okùn ni wọ́n fi so ó, bí ẹni di ẹrù igi.

Ìyàwó mi ní, "Dádì, ṣé báyìí làwọn òyìnbó yẹn ṣe ń ṣe é?"

Mo dákẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan kọjá, ìgbì rẹ̀ gbé wa sókè, ó fi wá lu omi pàà! Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ṣí gèlè ìyàwó mi. Gèlè yẹn nìkan ló ṣe bí ìgbòkun lọ́jọ́ náà. Ó dorí kọ Apápá.

Ẹsẹ̀ wa ò tíì kanlẹ̀ tó fi bèèrè bóyá a lè gba orí títì padà sílé. Ẹja yíyan ni mo fi bẹ̀ ẹ́. Ó jẹ ẹran rẹ̀ tán, ó ní baálé ló ni orí.