Ẹṣin Iwájú Kò Sáré Mọ́

Àwọn àgbà ló ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Wọn ò parọ́. Ṣùgbọ́n àgbà tó pa òwe yẹn kò há sórí afárá Third Mainland ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ rí. Lórí afárá yẹn, ẹṣin iwájú ni típà oníyanrìn kan tí táyà rẹ̀ bẹ́ nítòsí Adékúnlé. Dánfó mẹ́ta tò tẹ̀ lé e, agbèrò ọ̀kan ti bọ́ sílẹ̀, ó ń ṣépè fún onítípà. Lẹ́yìn wọn ni ọkọ̀ Jámánì kan dúró sí, dúdú tó ń kọ mànà, ẹṣin 600 ló wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Gbogbo ẹṣin 600 náà tẹjú mọ́ ìdí típà, wọ́n ń ka "Ayé Ń Lọ" tí wọ́n kùn sí i lára. Ayé ń lọ lóòótọ́, àwọn ni ò lọ. Wọ́n ń mu epo, wọ́n ń su èéfín. Ọ̀gá tó ni wọ́n jókòó sínú afẹ́fẹ́ tútù, ó ń tẹná díẹ̀díẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè máa bú ramúramù, kí aráyé lè mọ̀ pé ìdúró yìí kì í ṣe ìdúró tálákà. Ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá ti kọjá lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, sílípáàsì ló wọ̀.

Ibi tí òwe yẹn ṣì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ṣinṣin ni ọjà ọkọ̀. Níbẹ̀, tẹ̀yìn ń wo tiwájú, ojú rẹ̀ kì í ṣẹ́. Olórin gbé tirẹ̀ sínú fídíò. Olóṣèlú rí i, ó ní kí ni òun fi kéré. Aládùúgbò olóṣèlú rí i, ó ta ilẹ̀ Ṣàgámù. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tó béèrè ibi tí òun yóò ti sá eré náà. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ má kọjá kìlómítà 100 ní wákàtí kan lójú ọ̀nà márosẹ̀, kí ó má sì kọjá 50 láàárín ìlú. Ọkọ̀ tí ẹṣin rẹ̀ kò ju 100 lọ ń sá ìyẹn tán, ṣẹ́ńjì á ṣì kù. Ẹṣin 500 yòókù ńkọ́? Àlejò ni wọ́n, iṣẹ́ wọn ni ká máa bọ́ wọn. Láti oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, bíbọ́ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ mọ́.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ Èkó ni. Ẹ lọ wo Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń fi Yorùbá ná iṣu láìwẹ̀yìn. Southwark, ìjọba ìbílẹ̀ tó ni Peckham, ti fi òfin máìlì 20 ní wákàtí kan de púpọ̀ nínú òpópónà rẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 32. Síbẹ̀ ẹ ó rí arákùnrin wa tó tọrùn bọ gbèsè olóṣooṣù nítorí ọkọ̀ ẹṣin 500, tó tún sanwó kí wọ́n bá a tú sáíléńsà rẹ̀ kí ó lè máa yìnbọn. Bọ́ọ̀sì pupa alájà méjì á gba ojú ọ̀nà tirẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìyá àgbà kan tó gbé iṣu lé itan nínú bọ́ọ̀sì náà á wò ó láti òkè, á sì mi orí.

Ọ̀gbẹ́ni James Watt, ará Scotland, ló kó wa sí wàhálà kíka ẹṣin. Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, ó fẹ́ ta ẹ̀rọ tó ń lo oru omi fún àwọn tó ń fi ẹṣin ṣiṣẹ́, ó sì ní láti fi yé wọn iye ẹṣin tí ẹ̀rọ òun yóò dá sílẹ̀. Ìpolówó ọjà ni láti ìbẹ̀rẹ̀, ìpolówó ọjà náà ló ṣì jẹ́. Ó sì yẹ kí Yorùbá jẹ́ ẹni ìkẹyìn tí wọ́n máa fi iye ẹṣin tàn jẹ. Ọ̀yọ́ Ilé fi ẹṣin jagun títí ó fi borí ọ̀pọ̀ ìlú, ṣùgbọ́n inú ọ̀dàn tó tẹ́jú ló ti rí i ṣe. Tí ẹṣin bá wọ igbó kìjikìji, ẹ̀ka igi á gbá ẹni tó gùn ún lójú, kòkòrò tsetse á sì kó àìsàn bá ẹṣin fúnra rẹ̀. Ní nǹkan bí 1840, àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin sọ̀kalẹ̀ wá ká Òṣogbo mọ́, Ìbàdàn sì lé wọn dànù. Ẹṣin Ìlọrin kò ṣàìlágbára. Ibi tí wọ́n gbé e wá ni kò gbà á.

Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ eré kéékèèké ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì mọ èyí dunjú. Ọ̀nà wọn tóóró, ó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ láàárín oko, owó ò sì sí lọ́wọ́ ará ìlú. Ní 1958, Austin-Healey Sprite jáde pẹ̀lú ẹṣin 43 péré. Iná iwájú rẹ̀ méjèèjì jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n yọ gbọ̀ngbọ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá sọ ọ́ ní ojú ọ̀pọ̀lọ́. Kò ní ọwọ́ ilẹ̀kùn níta. Bùútù rẹ̀ kò ṣí láti ẹ̀yìn. Ẹ ó nawọ́ gba ẹ̀yìn ìjókòó wọlé lọ wá ẹrù yín. Kí ó tó dé máìlì 60 ní wákàtí kan, ó ń gbà tó ìṣẹ́jú-àáyá 20, àsìkò tí agbèrò Ọ̀ṣòdì lè fi bú ìran mẹ́ta. Síbẹ̀ àwọn èèyàn rà á, wọ́n ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, àwọn kan ṣì ń tọ́jú rẹ̀ títí di òní.

Colin Chapman tó dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Lotus sílẹ̀ ló sọ ọgbọ́n ọkọ̀ kékeré yìí di ẹ̀sìn. Dípò kí ó máa wá agbára kún agbára, ìwúwo ọkọ̀ ló ń bù kù. Ó ti kú tipẹ́ nígbà tí Lotus gbé Elise jáde ní 1996, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣì hàn níbẹ̀: egungun alumíníọ́mù tí wọ́n to ọkọ̀ náà lé kò ju kìlógíráàmù 68 lọ. Ọ̀pọ̀ àlejò òde àríyá ló wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó jẹun. Ẹ́ńjìnnì ẹṣin 118 tó fún un. Agbára ń wúlò lójú ọ̀nà tó nà gbọnrangandan nìkan. Fífúyẹ́ ń wúlò ní kọ́nà, ó ń wúlò lábẹ́ bíréèkì, ó ń wúlò nílé epo, táyà náà á sì dúpẹ́.

Àwọn ará Jàpáànù ló wá lóye ọ̀rọ̀ ẹṣin yìí jù. Mazda gbé MX-5 wá síbi àfihàn ọkọ̀ ní Chicago ní oṣù kejì 1989: ìjókòó méjì, òrùlé tó ṣeé ká sẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì lítà 1.6, ẹṣin bíi 115, gbogbo rẹ̀ kò sì wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ fi ṣe àkọmọ̀nà ni jinba ittai, èyí tí wọ́n mú látọ̀dọ̀ àwọn tafàtafà orí ẹṣin: kí ẹni tó gùn àti ohun tó gùn di ara kan. Ẹ gbọ́ o, ẹṣin kan, èèyàn kan. Kò sí tafàtafà tó gun 600 pọ̀ rí. Nígbà tó fi máa di 2016, MX-5 tí wọ́n ti ṣe ti pé mílíọ̀nù kan.

Ẹ jẹ́ ká gbé MX-5 àkọ́kọ́ yẹn gba Snake Pass, ọ̀nà orí òkè tó wà láàárín Sheffield àti Manchester. Ọwọ́ jíà kúrú débi pé ọrùn-ọwọ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ìgbọ̀nwọ́ kò mọ̀ sí i. Kọ́nà dé. Ẹ tẹ bíréèkì, ẹ fà á sí jíà kejì, ẹ wá tẹná pátápátá, títí àtẹ́lẹsẹ̀ fi kanlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ké. Sítíárìn ń sọ fún àtẹ́lẹwọ́ yín bí ọ̀dà ṣe rí, táyà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Nígbà tí abẹ́rẹ́ tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì bá kan 6,000, tí irun ara yín ti dìde, ẹ wo iye tí ẹ ń sá: nǹkan bíi máìlì 50. Ẹ ti lo gbogbo ẹṣin tí ẹ sanwó rẹ̀, ọlọ́pàá tó gbé kámẹ́rà sẹ́bàá ọ̀nà kò sì rí nǹkan kan kọ sílẹ̀.

Ẹ wá gbé Porsche Cayman GT4 ti 2019 gba ibẹ̀. Ọkọ̀ tó dára ni, ẹṣin rẹ̀ lé ní 400, mi ò ní bẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n jíà kejì rẹ̀ nìkan ń sá kọjá máìlì 80, bẹ́ẹ̀ láti 1965 ni Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí ẹnikẹ́ni má kọjá 70, kódà lójú ọ̀nà márosẹ̀. Jíà mẹ́fà ni ẹ sanwó fún. Kí ẹ tó lo ìkejì tán, lẹ́tà ilé ẹjọ́ ti ń bọ̀. Mẹ́rin tó kù, ẹ máa fi han àlejò. Toyota yẹra fún wàhálà yìí nígbà tó ṣe GT86 ní 2012. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fi táyà tín-ín-rín sí i, irú èyí tí wọ́n ń fi sí Prius, kí ìdí ọkọ̀ lè máa yọ̀ díẹ̀ kí eré tó pọ̀. Àwọn oníwòran pariwo pé ẹṣin 200 kéré. Ó jọ pé wọn ò tí ì wà á.

Níbòmíì, ẹṣin ń bímọ lóṣooṣù. Bugatti Veyron dé ní 2005 pẹ̀lú 1,001. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé òpin eré rẹ̀, tó lé ní kìlómítà 400, lítà epo 100 inú táńkì á tán láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 12. Ẹ̀yin tí ẹ ti tò sílé epo láti ìdájí rí, ẹ gbọ́ ohun tí mo wí. Tesla náà gbé Model S Plaid jáde ní 2021: ẹṣin 1,020, ilẹ̀kùn mẹ́rin, àyè ọmọ lẹ́yìn, bíi ìṣẹ́jú-àáyá méjì láti orí ìdúró dé máìlì 60. Ọkọ̀ ìdílé ni. Kí ni ìdílé náà ń sá fún?

Mo gbọ́ ohun tí ẹ ń kùn. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ gbé MX-5 wá sójú ọ̀nà Ìkòròdú. Ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, kòtò kan ṣoṣo á gbé e mì. Ọkọ̀ ọ̀nà dídán ni. Ṣùgbọ́n àwa náà ti ní tiwa rí. Volkswagen ìjàpá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní 1975, ẹṣin rẹ̀ kò tó 60, ó sì gbé olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé dé gbogbo ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹni tó bá wa ìjàpá gun òkè Èkìtì rí mọ bó ṣe rí: ẹ ó sáré kí òkè tó dé, ẹ ó yí jíà lásìkò, ẹ ó máa fetí sí ẹ́ńjìnnì. Lójú tèmi, ẹni yẹn ló wakọ̀. Ọ̀gá orí afárá kàn jókòó sínú tirẹ̀ ni.

Ìjókòó méjì ńkọ́? Ẹbí Yorùbá wo ni ìjókòó méjì ń tó? Àgbò Iléyá kò ní wọ̀ ọ́, àpò ìrẹsì kò ní wọ̀ ọ́. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ ronú òpin òde àríyá ní Old Kent Road, tí ilẹ̀ ti ṣú, tí àǹtí márùn-ún dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn pẹ̀lú kúlà, ike ẹ̀bùn ìrántí àti ọmọ tó ti sùn lọ. "Ọkọ mi, ṣé Woolwich lo máa gbà?" Ẹni tó wa jíìpù á gbé wọn dé Thamesmead. Oní-MX-5 á na ọwọ́ sí ìjókòó kejì tí ìyàwó rẹ̀ ti jókòó sí, á kẹ́dùn gidigidi, á ká òrùlé sẹ́yìn, á sì máa lọ sílé.