Bọ̀dá Ètò Kò Tíì Pe Púlọ́ńbà

Ẹ bi ẹlòmíì ní ọ́fíìsì pé kí ló fẹ́ ṣe lónìí, ohun tó fẹ́ ṣe ni yóò sọ. Ẹ bi Bọ̀dá Ètò, ibi tó kọ ọ́ sí ni yóò sọ fún yín. Á fa fóònù yọ, á fi àtàǹpàkò gbá ojú rẹ̀ sókè sódò, á ní, "Ẹ mú sùúrù díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó gbogbo ẹ̀ kúrò lórí Todoist lọ sórí Notion ni, mi ò tíì parí àwọ̀ wọn." Pupa ni ti kánjúkánjú. Àwọ̀ ewé ni ti ilé. Àwọ̀ àlùkò ni ti "ìdàgbàsókè ara ẹni," ìsọ̀rí tí nǹkan ń wọ̀ tí nǹkan kì í jáde.

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ó pọ̀ ní Yábàá láàárín àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà, ó pọ̀ ní Ìbàdàn láàárín àwọn tó ti ń kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ó wà ní báńkì, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde, níbi tó ti jẹ́ akọ̀wé tí àkọsílẹ̀ ìpàdé ò sì jáde rí. Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ o. Ọ̀lẹ ò lè jí ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ Sátidé, kó jókòó ti Things àti TickTick, àwọn áàpù tí wọ́n fi ń to iṣẹ́, kó máa fi ọ̀kan wé èkejì títí wọ́n á fi tan jẹnẹrétọ̀.

Ó mọ ìtàn áàpù bí oníjàálá ṣe mọ oríkì ẹkùn. Á sọ fún yín pé akẹ́kọ̀ọ́ ni Amir Salihefendić ní Denmark lọ́dún 2007 nígbà tó kọ Todoist fún ìlò ara rẹ̀. Á sọ pé Stuttgart ní Jámánì ni àwọn tó ṣe Things wà, pé ẹni tí ò bá lo ẹ̀rọ Apple kò lè fọwọ́ kàn án, àti pé ìdí tí òun fi ra iPhone àlòkù nìyẹn. Á sọ pé 2011 ni Trello dé, pé ilé iṣẹ́ Atlassian rà á lọ́dún 2017 ní mílíọ̀nù 425 dọ́là. Bó ṣe ń fẹnu pe owó yẹn, ẹ ó rò pé wọ́n yọ ìdá mẹ́wàá fún un ni.

Àmọ́ ẹ má dárúkọ Wunderlist létí rẹ̀ bí ẹ ò bá ráyè. Berlin ni wọ́n ti ṣe é, ọdún 2010 ló jáde, Microsoft rà á ní 2015, wọ́n sì tì í pa ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 2020. Christian Reber, ọ̀kan lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ti jáde sí gbangba ní 2019 pé kí Microsoft tà á padà fún òun. Wọn ò tà á. Kòrónà ti ti gbogbo ayé mọ́lé nígbà tí wọ́n tì í pa. Àwọn èèyàn ń ṣọ̀fọ̀ ẹni wọn, Bọ̀dá Ètò ń ṣọ̀fọ̀ áàpù. Microsoft kúkú lànà tí èèyàn lè gbà kó gbogbo àkójọ iṣẹ́ rẹ̀ láti Wunderlist lọ sórí To Do, áàpù tiwọn. Ohun tí Bọ̀dá Ètò kó kọjá lọ́jọ́ náà lé ní ọgọ́rùn-ún. Ọ̀kan nínú wọn ni "Pe púlọ́ńbà."

Páìpù abẹ́ síǹkì ilé ìdáná ló ń jò. Kì í ṣe jíjò tó ń kún ilé o. Ó kàn ń kán ni, ìyàwó rẹ̀ sì gbé báàfù sábẹ́ rẹ̀, ó ń dà á nù láàárọ̀ àti lálẹ́. "Pe púlọ́ńbà" ti rìn ju ẹni tó kọ ọ́ lọ. Lórí To Do, ó gba ìràwọ̀. Lórí Todoist, ó gba àsíá pupa, èyí tí wọ́n máa ń fún iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù. Lórí Trello, ó kúrò ní "Tó yẹ ní ṣíṣe," ó bọ́ sí "Ó ń lọ lọ́wọ́," torí Bọ̀dá Ètò ti ronú nípa rẹ̀. Nígbà tó fi máa dé Notion, ó ti di odidi ojú ìwé kan: àwòrán páìpù tó ń dán wà lókè, àyè wà fún ọjọ́, fún "agbára tí iṣẹ́ yìí yóò gbà," fún "irú ọkàn tó yẹ kí n fi ṣe é," fún "àfojúsùn ọdún tí iṣẹ́ yìí so mọ́." Nọ́ńbà fóònù púlọ́ńbà nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Ohun tó pani lẹ́rìn-ín jù ni pé ìwé tó ń gbé kiri ti dá ẹjọ́ yìí láti ọjọ́ pípẹ́. David Allen, ará Amẹ́ríkà, ló kọ Getting Things Done tó jáde lọ́dún 2001, ọ̀pọ̀ áàpù wọ̀nyí ló sì mú ọgbọ́n látinú rẹ̀. Òfin kan wà níbẹ̀ tó yé ọmọdé: iṣẹ́ tí kò bá ní gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, má wulẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, ṣe é lójú ẹsẹ̀. Bọ̀dá Ètò fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ibẹ̀. Ìwé náà wà lórí tábìlì rẹ̀ títí di òní, òun ló fi gbé láptọ́ọ̀pù ga kí ọrùn má bàa máa dùn ún.

Kí ló wá ń dùn mọ́ ọn nínú gbogbo kíkó-kiri yìí? Àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ti sún mọ́ ìdáhùn. Ní 1927, ní Berlin kan náà, Bluma Zeigarnik tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde pé iṣẹ́ tí wọ́n dá èèyàn dúró lẹ́nu rẹ̀ máa ń wà lọ́kàn rẹ̀ ju èyí tó ti parí lọ. Ní 2011, E. J. Masicampo àti Roy Baumeister fi hàn pé èèyàn ò tilẹ̀ ní láti parí iṣẹ́ náà kí ọkàn rẹ̀ tó rọlẹ̀: bó bá ti gbé ètò pàtó kalẹ̀ nípa bí yóò ṣe ṣe é, ariwo inú orí á dákẹ́. Ohun ire lèyí fún ẹni tí yóò padà wá ṣe iṣẹ́ náà. Ní ti Bọ̀dá Ètò, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí. Bó bá ti kó àwọn iṣẹ́ rẹ̀ dé inú áàpù tuntun, tó tò wọ́n, tó kùn wọ́n, ara á tù ú, á ní òun ti ṣe gudugudu méje lónìí, á sì lọ sùn.

Ó mọ ìwádìí mìíràn náà, àmọ́ ẹlòmíì ló ń fi bá wí. Roger Buehler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ ìwé ìwádìí àṣekágbá pé ọjọ́ mélòó ló máa gbà wọ́n. Ìṣirò wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjọ́ 34 ní ìpíndọ́gba. Ó gbà wọ́n lé ní ọjọ́ 55. Ọdún 1994 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Bọ̀dá Ètò ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún télọ̀ ní ọjọ́ tí Iléyá ku ọ̀la, nígbà tí agbádá ò tíì ní apá. Télọ̀ gbà pẹ̀lú rẹ̀ pátápátá, ó ní òótọ́ pọ́ńbélé ni, ó ní kó padà wá lálẹ́.

Ẹ wá gbọ́ ti owó. Èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ kì í tó Bọ̀dá Ètò, torí inú èyí tí wọ́n ń sanwó fún ni ohun tó wù ú máa ń wà. Dọ́là sì ni wọ́n ń gbà. Ní 2022, ọ̀pọ̀ báńkì ní Nàìjíríà gé iye tí káàdì náírà lè ná nílẹ̀ òkèèrè sí 20 dọ́là lóṣù, nígbà tó sì yá, àwọn kan dá a dúró pátápátá. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà. Dọ́là tó ń lọ ní nǹkan bíi 460 náírà nílé báńkì kọjá 1,500 ní 2024. Ẹlòmíì á padà sí ìwé àjákọ. Bọ̀dá Ètò lọ gba káàdì dọ́là orí fóònù. Báyìí, áàpù kan ló fi ń sanwó áàpù kejì, ẹ̀kẹta ló sì ń rán an létí pé ọjọ́ ìsanwó ti pé. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń rán an létí, èyí nìkan ni kì í sún síwájú.

Ìgbà tó wà lórí Todoist ni inú rẹ̀ dùn jù, torí áàpù náà máa ń fúnni ní máàkì tí wọ́n ń pè ní Karma. Bí èèyàn bá parí iṣẹ́, máàkì á gòkè. Bí iṣẹ́ bá pẹ́ kọjá ọjọ́ rẹ̀, á wálẹ̀. Ẹni tó bá ní 50,000 ló dé ipò tó ga jù, ipò ẹni tí ojú inú rẹ̀ ti là. Bọ̀dá Ètò ò mú un ní kékeré. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ lójúmọ́ ni "Jí." Èyí tó tẹ̀ lé e ni "Fọ eyín." Bó bá ṣe ohun tí kò kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, á sáré lọ kọ ọ́, á sì máàkì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun ti ṣe é. Ti púlọ́ńbà ni kò jẹ́ kó gbádùn. Gbogbo alẹ́ Sọ́ńdè ló ń sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú, kí ó má bàa fa máàkì òun wálẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan ìyá rẹ̀ ló le. Ìyá wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó wà nínú ẹgbẹ́ kan tó ń ṣèpàdé ní ìtàdógún, ó sì ní kí ọmọ òun máa wá fi mọ́tò gbé òun lọ. Todoist mọ irú nǹkan báyìí ṣe: èèyàn á kọ iye ọjọ́ sí i, iṣẹ́ náà á sì máa padà wá fúnra rẹ̀. Bọ̀dá Ètò kọ ọ́ pé kó máa padà wá ní ọjọ́ mẹ́tàdínlógún-mẹ́tàdínlógún. Ohun tí kò rántí ni pé nínú ìṣirò àwọn àgbà, ọjọ́ tí wọ́n wà náà wà lára ohun tí wọ́n ń kà. Ọjà ọrọọrún tí wọ́n bá ná ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n tún máa ná an. Mẹ́rìndínlógún ló yẹ kó kọ. Ó dé pẹ̀lú agbádá tí wọ́n lọ̀ tó ń dún, ó bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń yan gààrí.

"Àkàndé, ta ló bá ọ ka ọjọ́?"

"Áàpù ni, Màámi."

"Ọmọ ibo ni?"

"Ọmọ Denmark ni, Màámi."

Ìyá wò ó títí. "Àbájọ," ó ní, ó sì ní kó wọlé wá jẹun.

Ibẹ̀ náà ló ti pàdé alájọ ìyá rẹ̀. Káàdì páálí tó ní ojú ilé 31 ni alájọ fi ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Owó ọjọ́ kan ni ti alájọ, ìyókù á padà sọ́wọ́ ẹni tó dá a. Bọ̀dá Ètò fẹ́ kó kó gbogbo rẹ̀ lọ sórí Trello. Ó ṣàlàyé pé láti ilé iṣẹ́ Toyota ni ọgbọ́n pátákó yẹn ti ṣẹ̀, pé páálí pẹlẹbẹ báyìí làwọn ará Japan fi ń mọ ẹ̀yà ọkọ̀ tó yẹ kí wọ́n gbé wá. Alájọ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó wá bi í bóyá ó fẹ́ dá àjọ tàbí kò fẹ́, torí ìsọ̀ tó kù níwájú pọ̀.

Ká má purọ́ mọ́ áàpù, wọn ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọ̀fẹ́ ni Google Tasks, ẹ̀gbẹ́ Gmail àti kàlẹ́ńdà ló sì wà. Trello dára fún èèyàn púpọ̀ tó jọ dáwọ́ lé iṣẹ́ kan. Things rẹwà, kò sì ní owó oṣooṣù. Notion wà fún ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ to gbogbo rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, irú Bọ̀dá Ètò gẹ́lẹ́, ìdí sì nìyẹn tí kò fi yẹ kó sún mọ́ ọn. Àmọ́ ká kọ iṣẹ́ sílẹ̀, ká fún un lọ́jọ́, ká pa á rẹ́ tó bá parí, kò sí èyí tí kò lè ṣe é nínú wọn. Ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó sábà máa ń ṣiṣẹ́ alẹ́, inú WhatsApp ló ń kọ tirẹ̀ sí; láti ìparí 2022 ni wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀ fún èèyàn láti máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ara rẹ̀. "Ra ata. Owó ilé-ìwé Tómi. Púlọ́ńbà." Bó bá ti ṣe é, á pa á rẹ́.

Òun náà ló padà pè é. Ó ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, ó fẹsẹ̀ kọ báàfù, omi dà sí i lára, ó sì lọ gba nọ́ńbà lọ́wọ́ aládùúgbò. Púlọ́ńbà dé kí oòrùn tó wọ̀. Ó tú páìpù, ó pààrọ̀ wáṣà, ó fi téèpù wé e. Bọ̀dá Ètò dúró tì í tòun ti fóònù lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe ń ṣètò iṣẹ́ yín? Báwo lẹ ṣe ń mọ ilé tí ẹ máa kọ́kọ́ lọ?"

"Ọ̀gá mi, ẹni tó bá pè mí lẹ́ẹ̀mẹta, tiẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣe."

Bọ̀dá Ètò ní kó tún un sọ. Ó lọ jókòó sí pálọ̀, ó sì fi àyè tuntun kún gbogbo iṣẹ́ tó wà lórí Notion: "Iye ìgbà tí wọ́n ti pè." Ìyàwó rẹ̀ yọjú.

"Dádì Tómi, ẹ ti wá pa ti púlọ́ńbà yẹn rẹ́ báyìí, àbí?"

Ó ní òun ò lè pa á rẹ́, torí òun kọ́ lòun pè é, àkọsílẹ̀ á di irọ́. Ó yí àkọlé rẹ̀ padà sí "Dúpẹ́ lọ́wọ́ púlọ́ńbà," ó ronú díẹ̀, ó sì fi ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ sí i. Púlọ́ńbà ṣì wà ní ilé ìdáná, ó ń dúró de owó rẹ̀.