Sí Ọkọ Mi Opẹ́lẹ́ńgẹ́, ní Òkukù

Ọkọ mi àgbà,

Mo kí yín láti Ìkìrun. Ẹ kú ilé, ẹ kú ikùn.

Nígbà tí wọ́n gbé mi wọ ilé yín, tí mo ń wá orúkọ tí màá máa pe ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ọkọ mi, ẹ̀yin ni mo sọ ní Opẹ́lẹ́ńgẹ́, nítorí nígbà náà, bí ẹ bá fi ẹ̀gbẹ́ kọ sí ènìyàn, a ó máa wá yín. Orúkọ náà kò yí padà lẹ́nu mi, ẹni tó ń jẹ́ ẹ ló yí padà. Àwọn ọmọ ilé ti ń bi mí pé ta ni Opẹ́lẹ́ńgẹ́ gan-an, torí wọ́n ti wo gbogbo àgbàlagbà inú ẹbí tán, wọn ò rí ẹni tó jọ ọ́.

Mo gbọ́ pé ẹ ti búra pé ara yín á fúyẹ́ kí ìgbéyàwó ọmọ wa tó dé ní oṣù Kejìlá, àti pé ẹ ti ra ìyẹ̀fun kan nínú ọkọ̀ Òṣogbo: ìyẹ̀fun tó ń wo jẹdíjẹdí, tó ń lé ibà, tó tún ń fa ikùn wọlé láàárín ọjọ́ méje. Mo mọ ẹni tó ń tà á. Èmi náà ń wọ ọkọ̀ yẹn. Ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé.

Ìṣojú mi kọ́ ni ikùn tiyín ṣe dé? Ọdún tí ẹ ra mọ́tò ló kọ́kọ́ yọjú. Nígbà tí wọ́n fi yín ṣe alága ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ó jókòó. Ìgbà tí ẹ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ló wá tẹ́ ẹní. Àlejò tó ti pẹ́ tó báyìí, ọjọ́ méje lẹ fẹ́ fi lé e jáde?

Bí ẹ bá ń sọ ìdajì kílò sí kílò kan nù lọ́sẹ̀, ó ti tó, bí àwọn dókítà ṣe wí. Ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ní ọdún 2002, èsì ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn ènìyàn tó lé ní 3,000 tí ṣúgà ara wọn ti ń gòkè, ṣùgbọ́n tí kò tíì di àtọ̀gbẹ. Àwọn kan nínú wọn ni wọ́n ní kí wọ́n tún oúnjẹ ṣe, kí ìwọ̀n ara wọn fi ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, kí wọ́n sì máa rìn fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Iye àwọn tí àtọ̀gbẹ mú nínú wọn fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí wọ́n fún ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Ẹni tó bá wọn 100 kílò, kílò méje péré ló máa yọ. Ọkọ mi, apá yín kan lè san gbèsè yẹn kó tún ní ṣẹ́ńjì.

Mo mọ èsì yín lórí ìwọ̀n ara àti ẹ̀jẹ̀ ríru yín: "Ara ìdílé wa ni." Rárá o. Ní 1997, àwọn onímọ̀ ìṣègùn kan tẹ iṣẹ́ jáde lórí ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín àwọn ènìyàn dúdú. Wọ́n dé Nàìjíríà, Igbó-Ọrà wà lára ibi tí wọ́n yà sí, wọ́n dé Kamẹrúùnù, wọ́n dé erékùṣù Kàríbíánì, wọ́n sì dé Maywood lẹ́bàá Chicago. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ́dọ̀ tiwa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí, bí 16 ni ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Ní Maywood, 33. Ìran kan náà ni wá pẹ̀lú wọn. Bí ìwọ̀n ara ṣe ń pọ̀ sí i láti ibìkan dé ìkejì ni ìfúnpá náà ń gun òkè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwọn baba wa sílẹ̀ kí wọ́n sinmi.

Kì í ṣe iyán ló ń bà mí lẹ́rù fún yín, ẹnu ayé ni. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn jáde ní Òkukù, ẹ ò ní tíì kọjá ilé kẹta tí wọ́n á fi béèrè pé ṣé mọ́tò yín bàjẹ́ ni. Ẹnì kan á dá ọ̀kadà dúró, á ní kí ẹ gùn ún, òun á sanwó. Ẹ rántí Ọ̀gbẹ́ni Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá, tó ṣe gómìnà wa láti 2010 sí 2018, tó ń kó èrò lẹ́yìn káàkiri ìlú nínú ìrìn tó pè ní "Walk to Live"? Kò sẹ́ni tó bi í pé ṣé mọ́tò bàjẹ́. Bí gómìnà bá rìn, eré ìdárayá ni. Bí ẹ̀yin bá rìn, owó ti tán lọ́wọ́ yín. Bẹ́ẹ̀, ní àsìkò ogun Jálumi, ní 1878, ẹsẹ̀ ni àwọn ará Òkukù fi sá wá sí Ìkìrun níbí, tàgbà tèwe, tòun ti ẹrù lórí. Ọmọ wọn ló wá ń gun ọ̀kadà láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ẹnu ọjà.

Bí ẹ bá tún wá jò, ó kù sí ọ̀dọ̀ Ìyá wa ní Ìnísà. "Yéè, ọmọ mi ti rù! Ṣé kò sí?" Ẹkún á sọ, wọ́n á gbé adìyẹ ránṣẹ́, wọ́n á sì bi ìyàwó yín pé kí ló fi ọmọ àwọn ṣe. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ rọra. Ẹni tó bá ń sọ kílò méjì nù lóṣù, ojú kì í tètè rí i. Ẹni tó bá sọ mẹ́wàá nù, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láàárọ̀, ìgbà márùn-ún lọ́sẹ̀, ló ń jẹ́ 150 yẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gba ojú títì Ọ̀fà, àwọn tírélà ibẹ̀ kò mọ alága; ọ̀nà inú ìlú ni kí ẹ gbà. Kí ẹ yára débi tí ẹ lè dáhùn ìkíni ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin. Ẹ má dúró kí ẹnikẹ́ni o! Mo mọ̀ yín. Ìkíni kan láti ọ̀dọ̀ yín lè gba gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà.

Èmi tí mò ń gún iyán fún yín nígbà ọdún kò lè ní kí ẹ má jẹ ẹ́. Kí òkèlè kéré, kí gbúre àti tẹ̀tẹ̀ gba ìdajì abọ́, kí epo má sì léfòó. Nígbà tí dókítà ní kí ẹ dín òkèlè kù, wíìtì lẹ yí sí, ẹ wá ń jẹ ẹ́ ní ìlọ́po méjì, ẹ ní oúnjẹ ìlera ni. Mínírà ńkọ́? Ìgò 35cl kan lè ní ṣúgà tó tó kóró mẹ́sàn-án, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo agbára tí ẹ máa fi rin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Omi ni kí ẹ mu. Oògùn ìfúnpá yín, ẹ má dá a dúró àyàfi bí dókítà bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má sì po ìyẹ̀fun inú ọkọ̀ mọ́ ọn.

Mo ti yà lọ́dọ̀ télọ̀ yín, mo ní kó má tíì gé aṣọ ìgbéyàwó náà, kó dúró di oṣù Kọkànlá kó tún yín wọ̀n. Ó ní ẹ ti ránṣẹ́ pé kí òun fi yáàdì kan kún un nítorí ooru. Nínú ọyẹ́ oṣù Kejìlá? Ooru wo, ọkọ mi?

Èmi ni ìyàwó yín,
Ìkìrun.