Ọmọ Ọdún Mẹ́rìndínlógún Tó Ń Fá Irùngbọ̀n

Ẹ bá mi kí ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa ní Ẹgbẹ́dá kú oríire. Ó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ́dún yìí, fún ìgbà kẹta. Ìyàwó rẹ̀ ló se ìrẹsì tá a jẹ. Kóòṣì rẹ̀ náà wà níkàlẹ̀, ó ń fi dá wa lójú pé ìwé ọjọ́ orí ọmọ náà pé pérépéré: àfidéfíìtì mẹ́ta ló ní, wọ́n kàn yàtọ̀ síra wọn díẹ̀ ni.

Mi ò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni o. Nílẹ̀ yìí, ọjọ́ orí méjì ni eléré ìdárayá máa ń ní, èyí tí ìyá rẹ̀ mọ̀ àti èyí tí kóòṣì mọ̀. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ló kọ́kọ́ gbé àṣà náà dé, débi pé nígbà tí ìdíje àgbáyé àwọn tí ò ju ọdún 17 lọ wáyé ní Nàìjíríà níbí ní 2009, ẹ̀rọ MRI ni FIFA fi ń yẹ egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ wò. Básíkẹ́ẹ̀tì ò kúkú fẹ́ kí wọ́n fi òun sẹ́yìn.

Gbogbo ìgbà tí ikọ̀ ọ̀dọ́ wa bá sì ti kọsẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń jáde lẹ́nu àwọn ọ̀gá: àtúntò. Ẹ jẹ́ ká tún ìdíje àwọn ọ̀dọ́ tò, ẹ jẹ́ ká tún ikọ̀ àwọn ọmọ ọdún 16 àti 18 tò. Ó dùn ún gbọ́. Ta ló wá mọ̀ ọ́n tò tó Nàìjíríà? Ní 2015, wọ́n ní National Sports Commission ò wúlò mọ́, wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún mínísírì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, wọ́n ní mínísírì gan-an ni ò wúlò, wọ́n gbé commission padà. Ẹni tó ń kọ pátákó ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì nìkan ló dá mi lójú pé ó jèrè níbẹ̀.

Àjọ NBBF tó ni básíkẹ́ẹ̀tì gan-an ńkọ́? Ní 2017, wọ́n dìbò ní Àbújá, Musa Kida wọlé. Wọ́n dìbò ní Kánò, Tijjani Umar wọlé. FIBA, àjọ básíkẹ́ẹ̀tì àgbáyé, ní Kida làwọn mọ̀. Ní òpin oṣù kìíní ọdún 2022, wọ́n tún un ṣe: Kida wọlé ní ìlú Benin, Mark Igoche wọlé ní Àbújá. Ìjọba àpapọ̀ bá ní òun á parí ìjà. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, ó yọ gbogbo Nàìjíríà kúrò nínú ìdíje básíkẹ́ẹ̀tì lágbàáyé fún ọdún méjì. A kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí. Tiwa kọjá ìbàdí, kókósẹ̀ la so ó mọ́. Àwọn obìnrin wa, D'Tigress, tí wọ́n ti fi òógùn ojú wọn gba ààyè nínú ìdíje ife àgbáyé ní Ọsirélíà, làwọn àgbà fi ṣe ètùtù. Kí ìjọba tó yí ohùn padà lóṣù kẹfà, FIBA ti gbé ààyè náà fún Mali. Ó yẹ kí Mali ti fi orógbó ránṣẹ́ sí wa.

Àwa ará Alímòṣọ́, tí Ẹgbẹ́dá wà nínú rẹ̀, náà kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì nínú àtúntò. Ní 2003, ìjọba Èkó fọ́ ìjọba ìbílẹ̀ wa sí mẹ́fà: Alímòṣọ́ fúnra rẹ̀, Agbádo Òkè-Ọ̀dọ̀, Ayọ̀bọ̀-Ìpájà, Ẹ̀gbẹ́-Ìdímù, Ìkòtún-Ìgàndó àti Mọ̀sán-Òkúnọlá. Alága mẹ́fà, igbákejì mẹ́fà, sàírínì mẹ́fà tó ń lé kẹ̀kẹ́ Maruwa sínú gọ́tà. Ní ti iye wa, ìjọba àpapọ̀ kà wá ní 2006, ó ní a jẹ́ 1,277,714. Èkó náà ka tirẹ̀, ó ní 2,047,026. Àwọn tó sọnù sáàárín ìṣirò méjèèjì tó odindi ìlú kan. Ta wá ni ká bá wí pé ọdún méjì péré sọnù lára ọjọ́ orí ọmọ kan? Èyí tó wù yín nínú iye méjèèjì, ẹ mú un, kẹ́ ẹ fi wé iye irin básíkẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ mọ̀ láti Ẹgbẹ́dá títí dé Ìgàndó.

Mo mọ ọ̀kan. Ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan ló wà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Òpó méjì ni wọ́n rì síbẹ̀; wọ́n ti ń sá aṣọ sára ọ̀kan. Èyí tó kù, òjò ti la pátákó rẹ̀ sí méjì, òrùka irin rẹ̀ sì tẹ̀ wálẹ̀ níwájú bí ẹni tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ọba. Kò ní àwọ̀n, nítorí náà tí bọ́ọ̀lù bá wọlé, ìjà ni, torí apá kan á ní ẹ̀gbẹ́ ló gbà kọjá. Bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ti pá lórí. Láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mọ́tò àwọn tíṣà ṣì wà lábẹ́ irin gan-an. Àwọn ọmọ ti mọ̀ ọ́n: wọ́n á ta bọ́ọ̀lù yí Corolla ká, wọ́n á yẹ Sienna sílẹ̀, wọ́n á fò. Ẹni tó bá fi bọ́ọ̀lù kan mọ́tò igbákejì ọ̀gá, eré parí fún gbogbo ayé di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, kánópì ló ni pápá. Òkú onítọ̀hún, ìgbéyàwó onítọ̀hún.

Ìdíje wà o, ká má purọ́. Ti Milo fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama ti lé lógún ọdún, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì gbabẹ̀ dèèyàn. Ṣùgbọ́n irú ìdíje bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá tètè fìdí rẹmi, ó di ọdún tó ń bọ̀. Kóòṣì tó mọ̀ pé ọjọ́ kan péré lòun ní, ṣé ọmọ ọdún 14 tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ni yóò kó lọ, àbí bọ̀ọ̀dá tó ti ń fá irùngbọ̀n? Ibẹ̀ ni àfidéfíìtì ti ń wá. Kò sí MRI tó lè wo ìyẹn sàn.

Àwọn Ìjẹ̀bú kúkú ti yanjú ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí tipẹ́. Ẹ lọ wo Ojúde Ọba, regbéregbé ń tẹ̀ lé regbéregbé, ẹgbẹ́ ẹni ni kálukú ń bá jó. Ẹni tó bá fẹ́ yọ́ bọ́ sáàárín àbúrò rẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ jí máńgòrò nígbà èwe á fa ẹ̀wù rẹ̀ yọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ládùúgbò láti ọmọ ọdún 11. Ìyá oníbúrẹ́dì etí pápá ni yóò di akọ̀wé ọjọ́ orí. Ẹni tó ti ń pè ní Dádì Ìbejì láti ọdún méjì sẹ́yìn ò lè bá ikọ̀ àwọn ọmọ ọdún 16 wọ bàálù.

Mẹ́fà tí wọ́n pín wa sí yìí gan-an tó líìgì. Kí kálukú gba àlejò èkejì rẹ̀, kí òun náà lọ: ìdíje 30 nìyẹn, mẹ́wàá fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá borí, kí ó kọjú sí Agége àti Ìfàkò-Ìjàyè, kó tó kan Èkó, kó tó kan Nàìjíríà. Kí àwọn tó ń yan ikọ̀ orílẹ̀-èdè wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kí wọ́n yé dúró de fídíò WhatsApp.

Ẹni tó bá ń rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé lásán ni, kí ó rántí Hakeem Olajuwon. Bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ló ń gbá l'Ékòó kí básíkẹ́ẹ̀tì tó rí i. Ó gbá fún ikọ̀ ọ̀dọ́ Nàìjíríà ní 1980, ọdún náà ló gba Houston lọ. Ní 1984, òun ni ilé NBA kọ́kọ́ mú, ṣáájú Michael Jordan. Ní 1996, ó gba wúrà Òlíńpíìkì ní Atlanta, fún Amẹ́ríkà. Giannis Antetokounmpo, ọmọ Adétòkunbọ̀, Gíríìsì tí wọ́n bí i sí ò fún un ní ìwé ọmọ onílùú títí ó fi pé 18. Ní 2013 tí wọ́n fún un báyìí, aṣọ ikọ̀ àwọn tí ò ju 20 lọ ti wà nílẹ̀ dè é. D'Tigress gba ife Áfíríkà lẹ́ẹ̀márùn-ún léraléra, láti 2017 dé 2025, wọ́n sì wọ ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ ní Òlíńpíìkì Paris, níbi tí ikọ̀ Áfíríkà kankan ò dé rí. A jó, a yọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́ eré náà. Ìyẹn ni pé ikọ̀ ọ̀dọ́ wa wà dáadáa, kò kàn sí nílé ni.

Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ àtúntò tó jókòó, èmi ti bẹ̀rẹ̀ tèmi. Mo lọ bá wẹ́dà kan nítòsí ọjà Ìkòtún, mo ní kó dá iye lé òrùka irin méjìlá, méjì fún ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí inú òrùka fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 45, kí òpó gbé e sókè dé mítà 3.05, bó ṣe wà ní Houston gẹ́lẹ́. Ó ní iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni, bí iná bá wà. Lẹ́yìn náà ló béèrè ẹni tí yóò sanwó. Mo ní àwọn alága mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni.

Ó bọ́ dígí ojú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mẹ́fà ti pọ̀ jù. Ẹ mú ẹyọ kan wá, kó mú owó dání."