Asárétete Inú Yàrá

Nínú ìdíje kẹ̀kẹ́ inú yàrá, kẹ̀kẹ́ kì í kúrò lójú kan. Olùdíje á so ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, á tan fáànù, á wá máa fẹsẹ̀ yí i títí òógùn yóò fi bò ó. Àwòrán rẹ̀ ni yóò máa sáré lójú kọ̀ǹpútà, ní ìlú tí kò sí lórí máàpù ayé. Zwift, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014, ló gbajúmọ̀ jù lọ nínú irú eré yìí. Lórí rẹ̀ ni Cameron Jeffers ti gba adé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2019. Kí ọdún náà tó parí, àjọ British Cycling ti gba adé náà padà, wọ́n bu owó ìtanràn 250 pọ́n-ùn lé e, wọ́n sì dá a dúró fún oṣù mẹ́fà. Kẹ̀kẹ́ pàtàkì kan wà lórí Zwift tó yá ju ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ibẹ̀ lọ. Kí ènìyàn tó rí i gbà, yóò gun òkè tí àpapọ̀ gíga rẹ̀ tó 50,000 mítà, èyí tó ju ìlọ́po márùn-ún òkè Everest lọ. Jeffers kò gùn ún. Ètò kọ̀ǹpútà ló bá a gùn ún. Ayédèrú ẹsẹ̀ gun ayédèrú òkè láti gba ayédèrú kẹ̀kẹ́. Owó ìtanràn nìkan ni kì í ṣe ayédèrú.

Àwọn àgbà ní asárétete kò ní kọjá ilé, arìngbẹ̀rẹ̀ kò sì ní sùn sọ́nà. Ẹni tó ń kánjú ni wọ́n fi ń kìlọ̀ fún, ẹni tó ń falẹ̀ ni wọ́n sì fi ń tù nínú. Wọn kò mọ̀ pé àwọn kan ń bọ̀ lẹ́yìn tí yóò mú ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wà lẹ́nu gan-an. Asárétete òde òní kò kọjá ilé lóòótọ́, nítorí kò tilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Arìngbẹ̀rẹ̀ kò sì lè sùn sọ́nà, nítorí ibùsùn rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́. Kò sí ọ̀nà kankan mọ́, síbẹ̀ wọ́n ń wá àbùjá.

Níwọ̀n bí kò ti sí ọ̀nà, agbára ni wọ́n ń wọ̀n dípò rẹ̀. Ulrich Schoberer, onímọ̀-ẹ̀rọ ará Jámánì, ló gbé ẹ̀rọ ìwọn-agbára SRM kalẹ̀ ní ọdún 1986. Irin tí ẹsẹ̀ ń yí máa ń tẹ̀ díẹ̀ bí ènìyàn bá ti ń fi ipá tì í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kò lè rí i. Ẹ̀rọ á wọn títẹ̀ yìí, á mọ ipá tó fà á, á fi bí ẹsẹ̀ ṣe ń yára yí tó sọ ọ́ di pupọ̀, èsì rẹ̀ á sì jáde ní wáàtì. Ẹ̀rọ tó dára kì í sábà fi ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ ṣì í. Afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn kò lè bá ènìyàn tàn án, bẹ́ẹ̀ ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kò lè bá a tàn án.

Ṣùgbọ́n ẹni tó wúwo nílò agbára ju ẹni tó fúyẹ́ lọ láti gun òkè, nítorí náà wọ́n ń fi ìwọ̀n ara pín wáàtì. Ẹni tó wọn 80 kìlógíráàmù, tó ń lo 240 wáàtì, ní 3.0. Ẹ̀rọ olówó gọbọi ló wọn 240. Ta ló wọn 80? Olùdíje fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ sínú àkáǹtì rẹ̀. Bó bá tẹ 60 síbẹ̀, 3.0 di 4.0 lójú ẹsẹ̀. Kò gbààwẹ̀, kò fi oúnjẹ alẹ́ kankan sílẹ̀. Ìka ọwọ́ ló fi rù. Ẹlòmíràn á tún gé gíga ara rẹ̀ kúrú, kí afẹ́fẹ́ inú kọ̀ǹpútà má baà dá a dúró. Fáànù gidi wà níwájú rẹ̀ tó ń fẹ́ sí i lára o, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí kò sí ló ń bà á lẹ́rù.

Irú òpùrọ́ kejì tún wà. Ìpele mẹ́rin, A sí D, ni wọ́n fi pín àwọn olùdíje fún ọ̀pọ̀ ọdún: 4.0 ni ẹnu ọ̀nà A, 3.2 ni ti B, 2.5 ni ti C. Òpùrọ́ yìí lágbára, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹ̀rọ gbọ́. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá fẹ́ kan 3.2, á dẹ ẹsẹ̀, kó lè máa gba ipò kìíní láàárín àwọn C, bí àgbàlagbà tó wọ ìdíje ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó sì ń gbé ife jó. Nígbà tó di ọdún 2024, Zwift mú máàkì ìdíje jáde, èyí tó ń gòkè tàbí wálẹ̀ bí èsì ìdíje bá ṣe rí. Ẹni tó bá ń borí lemọ́lemọ́ á bá ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé, ó fẹ́, ó kọ̀.

Eré náà kì í ṣe awúrúju ní tirẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejìlá ọdún 2020, UCI, àjọ tó ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ lórí Zwift, wọ́n sì fi ẹ̀rọ kan náà ránṣẹ́ sí àwọn olùdíje. Ashleigh Moolman-Pasio ti South Africa ló gba ti obìnrin. Jason Osborne ti Jámánì ló gba ti ọkùnrin. Atukọ̀ ni Osborne, ó sì gba fàdákà nínú ìtukọ̀ ní Òlíḿpíìkì Tokyo ní ọdún tó tẹ̀lé e. Agbára gidi kò nílò irọ́, ìbáà ṣe nínú yàrá, ìbáà ṣe lórí omi.

Ẹni tó fi owó ńlá ra ẹ̀rọ tí yóò sọ òótọ́ fún un, tó wá jókòó ti ẹ̀rọ náà láti kọ́ ọ ní irọ́, ara rẹ̀ ló rẹ́ jẹ. Kí olúkúlùkù gorí ìwọ̀n, kó sì kọ ohun tó bá rí níbẹ̀. Bí nọ́ńbà náà kò bá dùn mọ́ ọn, kó dín oúnjẹ kù.