Gómìnà Tó Ń Jẹ Èèpo Iṣu

Ẹ sún mọ́bí, kí ará òkè má baà gbọ́. Ṣé ẹ mọ Ìyá Ìbejì, yàrá kẹta lápá òsì, èyí tí kò tíì dá owó iná oṣù tó kọjá? Ẹ jẹ́ ká fi tiná sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àgbò ni mo ń bá bọ̀.

Ọkọ rẹ̀ tètè ra àgbò Iléyá, kí owó ẹran tó lọ sókè. Wọ́n so ó mọ́ ìdí táńkì omi wa ní Mushin níbí. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ fi sọ ọ́ ní Gómìnà, wọ́n ní ó ń jẹun, kò ṣiṣẹ́. Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ ló ń fún un ní èèpo iṣu àti èèpo ẹ̀wà. Òjò rọ̀ lóru ọjọ́ kan, obìnrin yìí tú ìró ìdí rẹ̀, ó fi bò ó. Ìró àǹkárá tuntun o! Ọmọ Bàbá Káfíńtà wá sọ àgbò náà lókò, ilé dàrú. Bàbá Lánlọ́ọ̀dù ní òfin ọ̀daràn ilẹ̀ wa, abala 495, ní ẹni tó bá ṣèkà sẹ́ranko lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí kó san ₦50. Àádọ́ta náírà! Ta ló ń ta pọ̀nmọ́ ₦50 lónìí?

Alẹ́ ọjọ́ ìjà yẹn gan-an, mo yọjú sí ìkòkò Ìyá Ìbejì: ṣàkì, fùkù, ẹran màlúù gidi. Màlúù tó ti Òkè Ọya wá lórí ìdúró nínú ọkọ̀, tó fi dé Oko-Ọba ní Agége. Mo bi í pé, “Àánú tèyí ńkọ́?” Ó ní, “Ṣé mo mọ̀ ọ́n rí ni?”

Ọmọ Alhaja òkè tó wà ní Unilag ní àwọn onímọ̀ ti yẹ irú rẹ̀ wò. Lọ́dún 2010, Loughnan, Haslam àti Bastian fún àwọn kan ní ẹran màlúù gbígbẹ, wọ́n fún àwọn yòókù ní káṣú, wọ́n wá bi wọ́n nípa màlúù. Àwọn tó jẹ ẹran ni kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí ohun tó yẹ kéèyàn ṣàánú. Ẹnu ń jẹ, ọkàn ń wá àwíjàre.

Ibo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé? Ẹ̀hẹ̀n, Iléyá. Àáfà dé, ó fi ọ̀bẹ pamọ́ sábẹ́ agbádá, nítorí ẹ̀sìn ò fẹ́ kí wọ́n pọ́n ọ̀bẹ lójú ẹran. Ìyá Ìbejì wọlé, ó yí rédíò sókè. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní òun ò ní fẹnu kan Gómìnà láé. Àṣé wàhálà kan náà wà lókè: ọmọ-ọmọ Alhaja ti sọ àgbò tiwọn ní Messi, ọmọ náà ń sunkún. Ni àwọn obìnrin méjèèjì bá ṣe pàṣípààrọ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, itan fún itan, ẹ̀dọ̀ fún ẹ̀dọ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì ń họ egungun Messi, Alhaja ń fa mùdùnmúdùn Gómìnà. Àwọn méjèèjì ní ẹran náà dùn.

Èmi ò bú wọn o. Ẹni tó bo àgbò lójò sàn ju ẹni tó dì í mọ́ búùtù nínú gósílóò Ojúẹlẹ́gba lọ. Ẹ̀yin tó máa ra tiyín lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ fún un lómi, ẹ so ó síbi ibòji. Bí ẹ bá sì fẹ́ jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ má fún un lórúkọ.