Kò-Jìnnà Àjàní, A-Fẹnu-Gé-Kìlómítà

Kò-jìnnà Àjàní!
Ọmọ Ibẹ̀-yẹn-náà-ni,
ọkọ Tẹ̀-síwájú-díẹ̀,
bàbá Tẹ́-ẹ-bá-débẹ̀-kẹ́-ẹ-tún-bèèrè.
A-fẹnu-gé-kìlómítà bí ẹni ń gé ilá.
Adùn-lẹ́nu ẹni tó jókòó sábẹ́ agboòrùn,
akorò-lẹ́sẹ̀ ẹni tó dúró nínú oòrùn.
Mo kí ọ tọwọ́ tẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ ti bó, ọwọ́ nìkan ló kù tí mo fi ń kọ èyí.

Ní Èkó yìí, ẹni tí kò tó ọ ti gba oríkì. Ojú mi ni wọ́n ṣe ki ọkùnrin kan tó háyà mọ́tò fún òpin ọ̀sẹ̀ bí ẹni tó ni ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò, tí onílù ń tẹ̀ lé e títí dé ìdí tábìlì ìrẹsì. Ìwọ tí gbogbo ẹnu ń dá láti àárọ̀ dalẹ́, tí kò sí àdúgbò tí o ò jọba, kò sẹ́ni tó lu ìlù kan fún ọ rí. Àìmoore ni. Èmi tí o dá lọ́lá ní Ọbaníkòró ni yóò kì ọ́.

Oyè ńlá sì ni Ọbaníkòró, má rò pé mi ò mọ̀. Ọ̀wọ́ mẹ́rin ni àwọn ìjòyè onífìlà funfun Èkó: Àkárìgbèrè, Ìdẹ́jọ, Ògáládé àti Àbàgbọ́n. Ọbaníkòró ló ṣáájú àwọn Ògáládé, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ ifá àti ìṣègùn, tí wọ́n ń bá ọba wádìí ohun tó pamọ́. Ìwọ náà, ohun pamọ́ ni iṣẹ́ rẹ. O gbé ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé pamọ́ fún mi fún wákàtí méjì àtààbọ̀, lọ́sàn-án gangan, láàárín ìgboro. Bí fìlà funfun kan bá ṣẹ́kù lọ́jọ́ kan, kí wọ́n rántí orí rẹ.

Ọjọ́rú kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ni. Àǹtí mi fẹ́ ṣe ọgọ́ta ọdún, wọ́n wá ní kí n lọ bá wọn gba káàdì ìpè lọ́wọ́ atẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Ta ni ò mọ Ṣómólú mọ ìwé títẹ̀? Ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, pósítà olóṣèlú, inú àwọn ojúlé wọ̀nyẹn ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń jáde, tí ẹ̀rọ ń kùn bí oyin láti àárọ̀. Mo pe atẹ̀wé náà pé kó júwe ibẹ̀ fún mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ̀ ní Ọbaníkòró, kẹ́ ẹ wọ inú. Kò jìnnà."

Bí o ṣe wọ ayé mi nìyẹn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pẹ̀lú "ẹ".

Láyé àtijọ́, ọlọ́kadà ni ọ̀tá rẹ. Ẹni tó bá ti gbọ́ orúkọ rẹ á na ọwọ́ sí ọ̀kadà, á san owó kékeré, o ò ní rí i fi ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n ní September 1, 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó nasẹ̀ òfin tó lé ọ̀kadà kúrò nígboro dé ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú, pẹ̀lú Kòsọ́fẹ́, Múṣin àti Oshodi-Isolo. Ọjọ́ náà ni wọ́n fi ọ́ jẹ. Kẹ̀kẹ́ Márúwá, tó ń jẹ́ orúkọ Buba Marwa tó ṣe olórí ìjọba ológun l'Ékòó láti 1996 sí 1999, kò kúrò nílẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ mọ ojú ọ̀nà tirẹ̀, kì í yà wọ gbogbo kọ̀rọ̀ tí o bá ń rán èèyàn lọ.

Kétu ni mo ti wọkọ̀, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ Ìlúpéjú ni wọ́n já mi sí. Mo gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ sọdá Ikorodu Road. Irin tí wọ́n ń dì mú níbẹ̀ gbóná débi pé gbogbo wa tí à ń gun ún gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró. Nísàlẹ̀, mo bi ọ̀gbẹ́ni oní-POS kan. Kò gbójú kúrò lórí owó tó ń kà. Ó yọ ẹnu síwájú, ó fi ẹnu náà júwe, ó ní, "Ẹ máa lọ tààrà. Tẹ́ ẹ bá rí ìyá kan tó ń ta bọ̀ọ̀lì, ẹ yà sọ́wọ́ òsì. Kò jìnnà."

Kò-jìnnà, èmi ni mo rìn ín. Mo rìn títí, mo dé ibi tí wáyà tí wọ́n fi ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà, eérú inú rẹ̀ ti tutù. Ọmọdébìnrin kan jókòó tì í, ó ń fá súwíìtì lá. Ó ní màmá òun lọ síbi ìkómọjáde. Àmì tí wọ́n ní kí n fi mọ ọ̀nà ti wọ aṣọ ẹbí, ó ti lọ jẹ àmàlà.

Àwọn òyìnbó ní eré ìdárayá kan, orienteering ni wọ́n ń pè é. Lọ́dọ̀ àwọn sójà Sweden ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní Norway ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é fún ará ìlú ní 1897, ẹgbẹ́ tó ń darí rẹ̀ káyé sì dúró ní 1961. Wọ́n á gbé máàpù àti kọ́ḿpáàsì lé èèyàn lọ́wọ́, wọ́n á tú u sínú igbó, kó máa wá àsíá aláwọ̀ ọsàn òun funfun kiri lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe tò wọ́n, ẹni tó bá yára jù ló gbẹ̀yẹ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́, mo ní ìyà tí wọ́n ń fi owó ra nìyí. Tí àsíá kan ò bá sí níbi tí máàpù fi í sí, wọ́n lè fagi lé ìdíje náà pátápátá. Aláìlójútì ènìyàn! Ìwọ, ìyá oníbọ̀ọ̀lì lọ síbi ìkómọjáde, eré rẹ ò dúró. Lórí máàpù tiwọn, sẹ̀ǹtímítà kan lè jẹ́ mítà 150, kò ní lé, kò ní dín. Lórí tìrẹ, ọ̀rọ̀ kan náà lè jẹ́ ogún ìgbésẹ̀, ó sì lè jẹ́ láti Pedro títí dé etí ọ̀sà ní Ìlàjẹ.

A-nà-bí-rọ́bà,
a-fà-má-já,
ọlọ́nà tí kò ní ojú ọ̀nà.

Mo ṣe Scout nílé ẹ̀kọ́. Wọ́n kọ́ wa pé bí ọ̀nà bá dàrú, kéèyàn ri igi mọ́lẹ̀, òjìji rẹ̀ á sọ ibi tí ìlà oòrùn wà. Mo dúró ti òpó iná kan, aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo wo ilẹ̀. Òpó ò ní òjìji. Mo wo ara mi: òjìji mi ti sá wọ abẹ́ bàtà bí òròmọdìẹ tó rí àṣá. Ìgbà náà ni mo tó rántí pé l'Ékòó, ní ọjọ́ mélòó kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, oòrùn ọ̀sán máa ń dúró ṣánṣán sí àtàrí ni. Kò fì síhìn-ín, kò fì sọ́hùn-ún. Oòrùn pàápàá ń bá ọ ṣiṣẹ́.

Mo yọ fóònù. Láti 2019 ni Google ti fún máàpù rẹ̀ ní ohùn ọmọ Nàìjíríà, ohùn náà sì ń gbìyànjú. Ó ní ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún ló kù. Ọkùnrin kan tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe yọjú sí i, ó bú sẹ́rìn-ín: "Bọ̀dá, ẹ pa nǹkan yẹn jàre, ó fẹ́ fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ibẹ̀ yẹn náà ni." Kí n tó fèsì, ooru mú fóònù, ó kọ ọ́ sójú pé ara òun gbóná, ó kú mọ́ mi lọ́wọ́. Olóòótọ́ kan tó wà láàárín wa lọ bẹ́ẹ̀.

Bí mo ṣe bá ara mi ní Pedro nìyẹn. Ìyá kan tó ń ta omi ní kí n dé Charly Boy kí n bi wọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dúró tì í ní rárá, Baddo ni kí n dé. Mo ti ń wò ó pé èwo nínú ibi méjèèjì ló sún mọ́ jù. Bọ́ọ̀sì sítọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ni! Charly Boy ni wọ́n ń pè é láti ọjọ́ pípẹ́. Ní 2025 ni alága ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè Bárígà yí i sí orúkọ Olamide, olórin ọmọ Bárígà tí wọ́n ń pè ní Baddo. Ìyá náà ò gbà, ọmọ náà ò gbà, wọ́n gbé ìjà orúkọ kalẹ̀, wọ́n gbàgbé èmi. Mo ra omi méjì, mo da ìkan sórí.

Ẹni tó tẹ̀ lé wọn ló dá mi lára jù. Ó ní kí n yà níbi ilé tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ilé yìí kì í ṣe títà. Mo dé òpópónà náà, mo ka ilé mẹ́fà tí wọ́n kọ ọ́ sí, ọ̀dà pupa ni gbogbo wọn. Mo yà níbi àkọ́kọ́, géètì àdúgbò ni mo bá, pádíọ̀kì tó tó orí ọmọ jòjòló ló wà lẹ́nu rẹ̀. Mo yà níbi kẹta, gọ́tà ló pin sí. Níbi karùn-ún, ajá kan jáde wá kí mi, òun nìkan ni kò sọ pé kò jìnnà.

Níbẹ̀ ni lẹẹ̀mù bàtà mi ti yọ́. Àtẹ́lẹ̀ ọ̀tún lanu, ó wá ń lu ilẹ̀ bí mo ṣe ń rìn. Ohùn ìsàlẹ̀ mẹ́ta tẹ̀ léra wọn: dò, dò, dò. Mo tẹ́tí. Kò, jìn, nà. Mo ní háà, wọ́n ti fi gángan ki ọba yìí, ẹsẹ̀ mi ni onílù.

Ọ̀rẹ́ aránbàtà, àna oní-pure-water,
owó ẹnu mi dà? Bí mo ṣe kì ọ́ tó yìí,
ó kéré tán, o yẹ kí o san owó àtẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè ṣàìsọ. Àwọn bàbá wa ní abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Èèyàn mọ́kànlá ni mo bi lọ́jọ́ náà, mọ́kànlá ló dá mi lóhùn. Èèyàn méjì sọ iṣẹ́ sílẹ̀ láti fi ọwọ́ júwe, ẹnì kan tilẹ̀ sìn mí dé kọ́nà tí kì í ṣe kọ́nà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní òun ò mọ̀. Mo ti rò ó lẹ́yìn ìgbà náà, mi ò sì rò pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Lẹ́nu tiwa, "mi ò mọ̀" dà bí ìgbà tí àlejò tọrọ omi tí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Wọ́n rí ẹni tí òógùn bò lójú, wọn ò ní ohun tí wọ́n lè fún un, wọ́n wá fún un ní ìwọ. Inú rere ló bí ọ, Àjàní. Ìyẹn ló jẹ́ kó ṣòro láti nà ọ́.

Bàbá arúgbó kan tó ń ta dráàfù lábẹ́ igi ọ̀dàn ló gbà mí. Wọn ò júwe nǹkan kan. Wọ́n wo bàtà mi, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ló ní kó o sọ̀ ní Ọbaníkòró? Onípáànù ló yẹ kó o ti sọ̀." Bọ́ọ̀sì sítọ́ọ̀pù méjì! Ká ní mo jókòó sínú ọkọ̀ mi, kó kọjá Palmgrove, kó já mi sí Onípáànù, ǹ bá ti padà dé Kétu. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó jìnnà síbí?" Wọ́n gbé ọmọ dráàfù kan, wọ́n fi jẹ méjì, wọ́n ní:

"Ó jìnnà o."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún wọn nínú iyanrìn náà. Ọ̀rọ̀ náà tutù sí mi lára ju omi tí mo dà sórí lọ. Mo rìn ín pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, nítorí mo ti mọ̀ pé ó jìnnà.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, fáànù ń fẹ́ ẹ, ó ń mu kóòkì tútù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ́ o. Ibi tí mo sọ fún yín pé kò jìnnà yìí?" Mi ò ní okun láti bú u. Mo jókòó lórí bébà tó tò jọ sílẹ̀, mo ní kó fún mi ní káàdì kan wò. Ó fún mi. Káàdì náà dára, ó nípọn, ó ń rùn bí íǹkì tuntun. Fọ́tò Àǹtí wà níwájú, orúkọ àwọn ọmọ wọn wà nísàlẹ̀. Mo yí i sẹ́yìn láti wo bí wọ́n ṣe kọ àdírẹ́sì gbọ̀ngàn tí a ti máa ṣe é, ní Ìlúpéjú.

Lẹ́tà góòlù ni wọ́n fi kọ ọ́, gàgàrà: "Kò jìnnà sí bọ́ọ̀sì sítọ́ọ̀pù Ọbaníkòró."

Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Igba káàdì ni, mo sì ti san owó rẹ̀ tán.